Aago Tó Ń Fi Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Sáré

"Wọ́n ti jí aago mi gbé, ẹni tó sì rán wọn ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ọkàn òun ń fà sí mi."

Bí ìwé ẹ̀sùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé fáìlì náà fún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kà á tán, ó fi ẹ̀rín kékeré kan pamọ́ sábẹ́ imú, ó sì gbójú sókè wo ẹni tó kọ ọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, kò ga, kò sanra, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, nítorí kò sí ibi tí kì í wọ̀, ẹni tó bá sì gún kì í tètè mọ̀.

Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ọ̀gá Aago ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ àtúnṣe aago ló ń ṣe, nínú ìsọ̀ kan tó há gádígádí lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Ọdún kẹfà nìyí tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láàárọ̀ yìí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ títí tó fi gan, ó dé fìlà tó bo orí rẹ̀ dé etí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ó tilẹ̀ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí díẹ̀ nínú dúdú náà ti kúrò lágbọ̀n, ó ti lọ fìdí kalẹ̀ sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é?" ó bi Abẹ́rẹ́. "Mo rò pé ọkùnrin ni wọ́n máa fún mi."

"Ọkùnrin méjì tó wà nílẹ̀ ti lọ mú afurasí yín láti aago mẹ́jọ. Ẹ bá mi fara dà á. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ọ̀gá Aago tún jókòó dáadáa. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti lọ mú un. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti ń rí i lójú inú bí wọ́n ṣe máa mú obìnrin náà lójú gbogbo ayé.

Ó ní orí ìkànnì kan tí àwọn tó ń wá ẹnì kejì máa ń lọ ni àwọn ti pàdé. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ gidi níbẹ̀. Rọra-Wà ni obìnrin náà ń jẹ́, torí pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń jẹ́ níbẹ̀?"

Ọ̀gá Aago wúkọ́. "Géńdé."

Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbé ojú sókè. Inú rere ni.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan láti pàdé ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ilé tíì kan tó wà ní ìkóríta. Ó ti sọ fún obìnrin náà pé òun ní ẹ̀bùn kan lọ́wọ́, aago obìnrin tóun fúnra òun tún ṣe. Ó dì í sínú páálí kékeré, ó kọ "Fún Rọra-Wà" sí i lórí. Ó jókòó láti aago mẹ́ta ààbọ̀ títí di márùn-ún. Rọra-Wà ò yọjú. Ó bá bínú dìde, ó dí ọ̀nà mọ́ obìnrin náà lórí fóònù kó má baà lè kọ̀wé sí òun mọ́, ó sì jáde. Ó ti rìn jìnnà kó tó rántí páálí. Nígbà tó padà débẹ̀, kò bá nǹkan kan lórí àga.

"Ẹ wò ó bó ṣe tò ó," ni Ọ̀gá Aago wí. "Ó tàn mí jókòó síbẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gbé e."

"Ta ló wà nítòsí yín?"

"Kò sẹ́ni gidi kan. Obìnrin kan jókòó sí tábìlì tó kángun sí tèmi."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó wọ búlúù."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀gá Aago tún fìlà rẹ̀ dé. "Búlúù ni mo rí."

"Ó bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, aago mélòó ló lù?' Bàbá! Èmi! Mo ní ṣé wọ́n gbé aago kọ́ mi lọ́rùn ni? Mo sì kẹ̀yìn sí i."

"Kí lẹ mu?"

"Tíì. Mi ò tilẹ̀ tíì pe agbáwo tó fi gbé e wá, láìsí ṣúgà, bí mo ṣe ń mu ún gẹ́lẹ́. Òun gan-an ni mo fura sí! Níbo ló ti mọ̀ pé mi ò kì í mu ṣúgà? Ẹni tó rán an ló sọ fún un."

"Ìbéèrè yẹn dáa," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n yá a lò. Nígbà tí ẹ jáde, kí lẹ gbọ́?"

"Ariwo ojú títì lásán. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, obìnrin kan ń lọgun pe ọmọkùnrin kan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọkùnrin ló ń pè? Ṣé ẹ bojú wẹ̀yìn ni?"

"Mi ò bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló kàn ṣe rí létí mi."

Abẹ́rẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé, ó mú báàgì. "Ẹ dìde ká lọ mu tíì."

*

Ilé tíì náà kò kún láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bánkì mẹ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìyá kan ń fún ọmọ rẹ̀ ní búrẹ́dì. Agbáwo ń nu káńtà, ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó taagun bí ẹṣin. Bí Ọ̀gá Aago ṣe fojú kàn án, tàbí ká ní bó ṣe fojú kan ìrísí rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná.

"Òun nìyẹn! Màdáámù, ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀! Ó tilẹ̀ ti so aago náà mọ́wọ́! Olè tí kò nítìjú!"

Àwọn òṣìṣẹ́ bánkì yíjú padà. Ìyá ọmọ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Agbáwo fi aṣọ ìnukáńtà sílẹ̀, ó rọra rìn wá, ó sì na ọwọ́ òsì náà síwájú Ọ̀gá Aago, ó sún un mọ́ ọn títí ó fi kù díẹ̀ kó kan imú rẹ̀.

Rọ́bà ni. Rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń di bébà pọ̀, tó wé mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Aago mélòó ló lù, sà?" ni agbáwo bi í.

Ẹ̀rín bú jáde ní tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ bánkì. Ọkùnrin tó ti fi ọdún tó ju ọgbọ̀n lọ wo inú aago, ló pe rọ́bà ní aago níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀gá Aago wá ibi tí yóò wọ̀, kò rí. Etí rẹ̀ gbóná bíi pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù kàn án.

"Ẹ má bínú," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún agbáwo. Ó yí sí Ọ̀gá Aago, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Níbo lẹ gbé awò ojú yín sí?"

"Mi ò kì í lo awò."

"Awò ti tẹ imú yín lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ ń rí ohun tó bá wà lábẹ́ imú yín. Ohun tó bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta jìnnà, àwọ̀ rẹ̀ nìkan lẹ̀ ń rí. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún wákàtí kan gbáko kò fi ní ojú."

Awò náà wà nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ń gún un láyà bó ṣe dúró yẹn. Ó ti yọ ọ́ ní Sátidé nítorí ó gbà pé awò ń sọ ọjọ́ orí èèyàn fáyé, kò sì fẹ́ kó sọ tòun.

Abẹ́rẹ́ kọjú sí agbáwo. "Ta ló ní kí ẹ gbé tíì fún wọn ní Sátidé?"

"Obìnrin oníbúlúù ni. Ó wá bá mi ní káńtà níbí, ó ní, 'Bàbá onífìlà yẹn, ẹ bá mi gbé tíì fún wọn. Ẹ má fi ṣúgà sí i o.' Mo ní ṣé ó mọ̀ wọ́n ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'A ṣì ń mọ ara wa bọ̀.'"

"Kí ni bàbá ń ṣe nígbà yẹn?"

"Wọ́n gbé páálí kan sétí, wọ́n ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Àwa ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò bá wa rẹ́rìn-ín ṣá. Ńṣe ló ń wò wọ́n."

"Kí ló gbé wá?"

"Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn, tó ní pátákó pupa lórí. Ibí yìí ló gbé e sí, níwájú ilẹ̀kùn gan-an."

Ọ̀gá Aago rántí. Nígbà tó ń wọlé ní Sátidé, nǹkan pupa kan ti dí i lọ́nà. Ó ti bú onínǹkan pupa náà nínú ọkàn rẹ̀.

"Páálí ńkọ́?"

"Bàbá fi ìbínú jáde, páálí wà lórí àga. Obìnrin náà gbé e, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ni òun náà bá sáré jáde. Ó ń pariwo, 'Géńdé! Géńdé!' Àwa rò pé ọmọ rẹ̀ kan ló rí lójú títì."

Kò sí ahọ́n èèyàn kankan tó pe orúkọ yẹn sókè rí. Inú fóònù nìkan ló ń gbé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é síta, lójú ọ̀sán gangan, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rò pé ọmọkùnrin kan ni wọ́n ń pè, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

*

"Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ náà sílẹ̀," ó wí bí wọ́n ṣe padà dé àgọ́ ọlọ́pàá. "Ẹ ya ìwé yẹn. Mo bẹ̀ yín."

"Ó ti bọ́. Wọ́n ti mú un dé, ó wà ní yàrá kejì." Abẹ́rẹ́ jókòó. "Ta ló fún wọn ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ta ló fún yín?"

"Òun ló sọ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a mọra."

"Olè tó sọ ibi tí wọ́n ti lè mú òun. Ẹ gbé fóònù yín wá."

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ àṣírí ni."

"Ẹ ti fi ọlọ́pàá mú un, ọ̀gá. Àṣírí wo ló kù?"

Ó gbé e fún un. Abẹ́rẹ́ mú bébà méjì, ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ìkejì sósì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń kọ nǹkan sí ìhín, ó ń kọ nǹkan sí ọ̀hún. Ọ̀gá Aago ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń yí fóònù sókè. Ó mọ ibi tó dé láti ara bó ṣe ń ṣe ojú.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń mú àwọn tó ń fi ìfẹ́ lu jìbìtì," ni Abẹ́rẹ́ wí nígbà tó yá. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afurasí. Ẹ sọ fún un lóṣù kìíní pé orúnkún ń dun ìyá yín. Lóṣù kẹta ó bi yín, 'Orúnkún òsì màmá ńkọ́?' Òsì! Ṣé ẹ̀yin rántí pé òsì ni?"

"Ọ̀tún ni." Ó ronú. "Rárá. Òsì ni."

"Ó rántí orúnkún ẹni tí kò rí rí. Gbájúẹ̀ kì í ráyè fún ìyẹn, ó ní èèyàn ogún lọ́wọ́. Ẹ wo ibí. Ẹ kọ̀wé sí i láàárọ̀, kò dáhùn títí di ọ̀sán, ẹ sì fi ìkanra sọ̀rọ̀ sí i. Kí ló fèsì?"

Ọ̀gá Aago mọ̀ ọ́n lórí. "Ó ní, 'Ẹ má bínú, mo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn mọ́, kò wù mí.'"

"Ó tọrọ àforíjì, ó sì tún sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kò wárí fún yín, kò sì bú yín. Ẹ wo ìyí: ó ní ìgbéyàwó òun àkọ́kọ́ tú ká, àti pé òun ní ẹ̀bi tòun níbẹ̀. Ta ló ń bá èèyàn na ọjà tó tún ń fi ibi tó ti ya hàn án? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní kí ẹ̀yin méjèèjì rójú ara yín lórí fídíò. Ó mú ibi tí èèyàn pọ̀ sí, ó mú ojúmọmọ, ó ní àbúrò òun mọ ibi tóun ń lọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo máa ń sọ fún ọmọbìnrin mi pé kó máa wá lára ọkùnrin. Ó yẹ kí inú yín máa dùn láti oṣù kìíní."

"Mi ò rí i bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀ ń wo ara yín ni."

Ó ti bébà ọwọ́ òsì sí i. "Ìyí ni ti ẹnì kejì. Ẹ kà á."

Ọ̀gá Aago kà á. Ẹni náà fi àwòrán kan ṣoṣo síta, irun rẹ̀ kún orí, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò kan tó jọ mọ́tò ẹlòmíràn. Ó ní ẹnjiníà lòun, tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kó wá sórí fídíò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní àwáwí: kámẹ́rà bàjẹ́, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, òun wà lẹ́nu iṣẹ́, kámẹ́rà tún bàjẹ́. Tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè nípa ara rẹ̀, ó máa ń fi ìyìn dáhùn. Ó ń tètè bínú.

"Ta nìyí?" ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Ẹni tí ǹ bá mú nínú ẹ̀yin méjèèjì, ká ní òun ni wọ́n wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn."

Ojú Ọ̀gá Aago wálẹ̀. Ó ń wo àwọn ìka ara rẹ̀, tí òróró aago ti bá wọ abẹ́ èékánná. Kò sí ẹnjiníà kankan tó ní irú ìka bẹ́ẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Báwo ló ṣe dá yín mọ̀? Orí yín ò jọ tinú àwòrán mọ́. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn."

Kò sí ìgbà tí Ọ̀gá Aago gbádùn ìwé kíkọ tó ti ọjọ́ yẹn. Ó ti gbàgbé pé ẹnjiníà lòun. Ó kọ̀wé nípa aago tó fẹ́ fún un, bó ṣe máa ń gbé aago sétí kó tó gbé e fúnni, torí pé etí òun ṣáájú ojú. Ó sọ àṣà àwọn alátùn-únṣe fún un pé tí aago bá wọ ọwọ́ wọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha àmì wọn àti ọjọ́ sí inú ìdérí ẹ̀yìn, níbi tí oníǹkan ò ní rí láéláé. "Aago yìí," ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, "ni àkọ́kọ́ tí mo ha àmì mi sí lẹ́yìn tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ọmọ ọdún mélòó lẹ pe ara yín lórí ìkànnì?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Ẹ ka èsì tó fún yín."

Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. "'Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o.'"

"Ọmọ ọdún méjìlá tó ti gba òmìnira! Kí lẹ rò pé ó ń sọ?"

"Mo rò pé ó ń yìn mí ni."

"Ó ti ṣírò yín láti ọjọ́ náà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti mọ̀, ó sì ń bèèrè orúnkún màmá yín lọ. Ó wá. Ó rí ọkùnrin tó gbé páálí sétí, ó sì ní kí wọ́n gbé tíì fún un. Lẹ́yìn náà ló bi ọkùnrin tó ń tún aago ṣe pé aago mélòó ló lù." Abẹ́rẹ́ pa fóònù náà, ó dá a padà. "Ó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu, ọ̀gá. Ẹ dìde ẹ lọ bá a. Èmi ò ní bá yín wọlé."

*

Obìnrin náà jókòó sórí àga onípákó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí láyà. Ọ̀gá Aago dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó mú awò jáde nínú àpò, ó fi sójú.

Obìnrin inú àwòrán gan-an ni. Àlàfo eyín wà níbẹ̀, àpá kékeré orí ìpéǹpéjú wà níbẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Géńdé," ni Rọra-Wà wí.

Ó ṣí fìlà kúrò lórí. Orí rẹ̀ pá, ó ń dán lábẹ́ iná yàrá náà. Bí ó bá ṣeé ṣe fún un láti ṣí irùngbọ̀n náà, ì bá ṣí i.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ìsọ̀ mi wà. Mi ò kì í ṣe ẹnjiníà. Mi ò rí yín ní Sátidé torí pé mi ò fẹ́ kí ẹ rí awò lójú mi."

"Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀, àfi ti awò. Ẹ ò tilẹ̀ mọ irọ́ pa dáadáa. Mo pè yín ní bàbá kí ẹ lè bínú kí ẹ ní, 'Èmi kọ́ ni bàbá, èmi ni Géńdé,' ká jọ fi rẹ́rìn-ín, kó tán síbẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ lè fi ọlọ́pàá mú mi."

"Ẹ foríjì mí."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyá àgbà ni, ó ti kùnà ìdánwò ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí ló kọ́kọ́ gba ìkóríta kọjá láìjẹ́ pé ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kọrin. Ni àwọn ọlọ́pàá yín bá dábùú ọ̀nà. Ìyá yẹn bú sẹ́kún, ó rò pé òun ló ṣẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé òun ò ní wa ọkọ̀ mọ́ láyé. Èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí wọ́n ṣe ń mú mi lọ."

Ọ̀gá Aago ti gbára dì fún èébú. Kò gbára dì fún ìyá tó ń kọrin. Ó dúró, fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń ta á lábẹ́ awò.

Rọra-Wà ṣí báàgì, ó gbé páálí kékeré náà sórí tábìlì. "Mo wá yín títí ní Sátidé. Mo kọ̀wé sí yín, kò wọlé." Ó dìde. "Aago yìí ń sáré. Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré. Ẹ tún un ṣe. Tó bá ti ń sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde.

Ọ̀gá Aago sáré bá Abẹ́rẹ́. "Ó ní aago ń sáré. Kí lẹ rò pé ó ń sọ? Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Abẹ́rẹ́ ń kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sínú fáìlì. "Iṣẹ́ tèmi ti tán, ọ̀gá. Awò ti wà lójú yín báyìí. Ẹ wò ó fúnra yín."

*

Ó kọ́kọ́ yà ní ilé tíì. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agbáwo, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà lè gbọ́. Agbáwo ní kó má ṣèyọnu, ó sì bọ́ rọ́bà ọwọ́ rẹ̀, ó fi ta á lọ́rẹ. Ó gbà á. Ó mọ̀ pé òun yẹ fún un.

Nínú ìsọ̀, ó gbé aago náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago àgbà tó fi ń ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo yòókù. Ìtìjú bò ó lọ́tọ̀ lórí èyí náà. Aago tí òun fọwọ́ ara òun tún ṣe fún obìnrin, tó wá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré! Ó fi ojú sọ ọ́ fún wákàtí kan. Ó fi sílẹ̀, ó sì wò ó lọ́jọ́ kejì bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sáré rárá. Kò tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹ̀.

Ó jókòó tì í. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni obìnrin yìí kò fi parọ́ kankan fún un, irọ́ kan ṣoṣo tó wá pa níkẹyìn, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló fi ń darí aago àti ẹni tó tún un ṣe padà sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá Abẹ́rẹ́ lọ kó bá òun túmọ̀ rẹ̀.

Ó fi awò olójú kan sójú, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago. Àmì rẹ̀ méjì wà níbẹ̀: ti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àti ti oṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò ha ọjọ́ sí aago tí kò bàjẹ́ rí. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ha ọjọ́ Ajé tí aago náà tún wọ ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán ara rẹ̀ síbi tó jókòó sí, pẹ̀lú orí tó pá, awò, irùngbọ̀n tó ti ń funfun nídìí, àti àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ó buru. Ó fi rọ́pò ti ìṣáájú lórí ìkànnì. Ó ṣí ọ̀nà tó dí mọ́ Rọra-Wà, ó sì kọ̀wé sí i, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ:

"Aago náà ò parọ́ rárá. Ẹni tó tún un ṣe ló wà lórí tábìlì àtúnṣe."

Kò sí èsì títí di ọ̀sán. Kò fi ìkanra kọ òmíràn. Ó mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, fóònù dún.

"Ìyá yẹn ò fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́. Ní Sátidé, kí a tó lọ mu tíì, ẹ máa kọ́kọ́ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Aago méjì. Ẹ fi awò sójú."

Ọ̀gá Aago kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ìyá àgbà tó ń sunkún yọ sí i, ọrùn rẹ̀ gbóná, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀ tó pá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ ọwọ́, kó tó kọ èsì.

"Mo máa débẹ̀. Orúnkún ìyá náà ńkọ́, ṣé ó lè rìn dé ìsọ̀ mi? Mo fẹ́ bá a tún aago rẹ̀ ṣe, tó bá ní."